Ta Ló Máa Gbé Fóònù ní Ọjọ́ Kẹwàá?

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 2005, ìròyìn dé láti Sípéènì pé Stella Obasanjo, ìyàwó ààrẹ Nàìjíríà nígbà náà, ti dágbére fáyé. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló kù kó pé ẹni 60 ọdún. Marbella ló ti lọ ṣe iṣẹ́ abẹ láti dín ikùn kù, ìlú etíkun tí àwọn olówó Yúróòpù ti ń gbafẹ́. Kì í ṣe ibi kọ́lọ́fín, owó kò sì jẹ́ ìṣòro. Lọ́dún 2009, ilé ẹjọ́ ní Sípéènì dá dókítà tó ṣe iṣẹ́ náà lẹ́bi pé àìkíyèsára rẹ̀ ló fa ikú: ẹ̀wọ̀n ọdún kan, ọdún mẹ́ta tí kò gbọdọ̀ fi ṣe iṣẹ́ dókítà, àti 120,000 yúrò fún ọmọ olóògbé. Ọ̀pá tí wọ́n fi ń fa ọ̀rá, èyí tó yẹ kó máa rìn lábẹ́ awọ, ló gba inú ikùn lọ. Ó lu ìfun ńlá, ó sì ya ẹ̀dọ̀.

Ẹnu kò sinmi nílé nígbà náà. Ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nínú dánfó àti níbi iṣẹ́ ni pé kí ló tún ń wá, ṣebí ó ti ní gbogbo rẹ̀ tán. Ọ̀rọ̀ náà di ọ̀rọ̀ oge, ó di ti owó, ó di ti òṣèlú. Èyí tó kan ìlera nínú rẹ̀ kò rí ẹni gbé e yẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ìfun tó bá lu kì í pariwo lọ́jọ́ kìíní. Oògùn apàrora ṣì ń ṣiṣẹ́ lára, gbogbo ikùn ló sì ń dunni nítorí abẹ. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mọ ìrora tó yẹ yàtọ̀ sí èyí tí kò yẹ? Nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, ikùn á le koko, ara á gbóná, àyà á máa lù kìkì, èébì á dé. Bí ẹni tó mọṣẹ́ bá fọwọ́ kan ikùn náà lásìkò, wọ́n lè ṣí i padà, kí wọ́n dí ihò, kí wọ́n fọ inú rẹ̀, kí aláìsàn sì yè é. Bí kò bá sí ẹni tó fọwọ́ kàn án, ohun tó jò láti inú ìfun á ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́.

Ìdí nìyí tí ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ gbé dání fi yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí gbogbo èèyàn ń béèrè. Gbogbo wa là ń béèrè pé, "Ṣé dókítà náà mọṣẹ́?" Ó dára, ẹ béèrè. Ṣùgbọ́n ẹ tún béèrè pé, tó bá ti bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sọ sí garawa, ta ló kù tó ni ọgbẹ́ yìí? Tí mo bá pè láago méjì òru ní ọjọ́ kẹwàá, ta ló máa gbé fóònù, ibo ló sì máa ní kí n gbà lọ?

N kò ní fi "ìwà lẹwà" dá ẹnikẹ́ni lẹ́kun. Àwa tí à ń lu etí ọmọbìnrin kó tó mọ ẹ̀rín rín, tí àwọn ìyá wa ń so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ìdí, tí àwọn bàbá wa kọ pélé àti àbàjà, a kò lẹ́nu àtibá ẹni tó fẹ́ tún ara ṣe wí. Ṣùgbọ́n ẹ wo olóólà. Abẹ rẹ̀ kò mọ́ tó ti ọsibítù, tẹ́táńọ́ọ̀sì sì pa ọmọ láyé ìgbà yẹn. Síbẹ̀, gbogbo àdúgbò ló mọ agboolé rẹ̀. Bí ojú ilà bá wú lọ́jọ́ karùn-ún, ìyá ọmọ á gbọ́mọ pọ̀n, á padà lọ bá a. Bí ilà náà bá sì bàjẹ́, ojú ọmọ yẹn ni òun náà á máa pàdé lọ́jà títí ayé. Ọgbẹ́ náà ní ẹni tó ni ín.

Lónìí, ọmọ wa tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀n ń lọ sí Istanbul, èyí tó wà ní Houston ń sọdá sí Mẹ́síkò, èyí tó wà ní New York ń lọ sí Santo Domingo. Èyí tó wà ní Lẹ́kì á jókòó bí i wákàtí méje nínú ọkọ̀ òfúrufú kó tó dé Tọ́kì. Owó ló ń gbé wọn lọ. Iṣẹ́ kan náà ní Istanbul lè má tó ìdajì iye tí wọ́n ń gbà ní Lọ́ńdọ̀n, kì í sì í ṣe jìbìtì ni gbogbo rẹ̀. Owó lírà ti já wálẹ̀ gan-an, owó oṣù àti owó ilé kéré níbẹ̀, ìjọba Tọ́kì fúnra rẹ̀ sì ń ti òwò yìí lẹ́yìn. Àwọn oníṣẹ́ abẹ tó pegedé wà níbẹ̀, tí àwọn ti Lọ́ńdọ̀n ń yẹ́ sí. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ohun tí wọ́n ń yọ kúrò kí owó lè wálẹ̀, ọ̀kan wà tí kì í hàn nínú ìwé ìdíyelé: ọjọ́. Ọjọ́ tí oníṣẹ́ abẹ fi ń mọ̀ yín kó tó gé yín, àti ọjọ́ tó fi ń ṣọ́ yín lẹ́yìn rẹ̀. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sínú ìmọ̀ràn rẹ̀ fún àwọn tó ń lọ sí Tọ́kì pé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́fà ló kú níbẹ̀ lọ́dún 2024 lẹ́yìn ìtọ́jú ìṣègùn. Wọn kò sọ pé iṣẹ́ abẹ ẹwà ni gbogbo wọn lọ ṣe, ṣùgbọ́n wọn kì í dédé kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sójú ìmọ̀ràn ìrìnàjò.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Iṣẹ́ tí a ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ jù ni BBL, ìyẹn Brazilian butt lift. Wọ́n á fa ọ̀rá kúrò ní ikùn, ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á wá fi ọ̀pá tì í sínú ìdí. Orúkọ Bràsíl ló ń jẹ́, ilẹ̀ tí Ivo Pitanguy, tó kú lọ́dún 2016, ti sọ iṣẹ́ abẹ ẹwà di ohun tí mẹ̀kúnnù náà lè rí gbà ní ọsibítù Santa Casa ní Rio. (Àwọn aláìní Rio yẹn, ìlú kan náà ni wọ́n jọ ń gbé pẹ̀lú àwọn tó gé wọn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.)

Ibi tí BBL ti ń pani rọrùn láti ṣàlàyé. Àwọn òpójẹ̀ ńlá wà nínú iṣan ìdí àti lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń da ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn. Bí ọ̀pá bá jìn wọlé tó ya ọ̀kan nínú wọn, ọ̀rá tí wọ́n ń tì wọlé á bá ẹ̀jẹ̀ lọ, á gba inú ọkàn kọjá, á sì dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó lè ṣẹlẹ̀ lórí tábìlì níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ láàárín wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí abẹ́rẹ́ tó ń yọ́ ọ̀rá yẹn. Ìwádìí kan tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ṣe láàárín ara wọn káàkiri ayé, tó jáde lọ́dún 2017, fi hàn pé nínú nǹkan bí 3,000 tó ń ṣe é, ó ń pa ẹnì kan. Nígbà náà, kò sí iṣẹ́ abẹ ẹwà mìíràn tí ikú inú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ òkú wò, ọ̀rá ni wọ́n ń bá nínú iṣan. Wọn kò rí òkú kan tí ọ̀rá rẹ̀ mọ sí abẹ́ awọ nìkan.

Ìyẹn ló yí iṣẹ́ náà padà. BAAPS, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹwà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn dáwọ́ dúró lọ́dún 2018. Ọdún 2022 ni wọ́n tó fàyè gbà á padà: abẹ́ awọ nìkan, kí wọ́n sì máa fi ẹ̀rọ scan, irú èyí tí wọ́n fi ń wo aboyún, wo ibi tí ẹnu ọ̀pá wà bí iṣẹ́ ṣe ń lọ lọ́wọ́. Ní Florida, níbi tí Miami wà, àwọn aláṣẹ ìṣègùn fi òfin de títi ọ̀rá sínú iṣan lọ́dún 2019, nígbà tó sì di 2022 wọ́n ní oníṣẹ́ abẹ kan kò gbọdọ̀ ṣe ju BBL mẹ́ta lọ lóòjọ́. Ẹ ronú sí òfin yẹn dáadáa. Wọn kì í ṣòfin pé kó má ju mẹ́ta lọ bí kò bá sí àwọn tó ń ṣe mẹ́fà.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta péré ni ẹ óò béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ abẹ BBL, lójúkojú tàbí lórí fídíò, kì í ṣe lọ́wọ́ ọmọ tó ń dáhùn WhatsApp: ṣé abẹ́ awọ nìkan lẹ máa ti ọ̀rá sí, ṣé ẹ máa fi scan wò ó, ẹni mélòó lẹ máa gé lọ́jọ́ yẹn? Ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe á dáhùn kíákíá, nítorí ó ti retí rẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹ̀rín gbé e kọjá, tàbí tó ní kí ẹ má ṣèyọnu, ẹ bá tiyín lọ.

Ìrìnàjò fúnra rẹ̀ máa ń ti èèyàn ṣe ohun tí kò ní ṣe nílé. Ẹni tó ti san owó fisà, owó ọkọ̀ òfúrufú àti owó hòtẹ́ẹ̀lì á wò ó pé, "Mo ti wá ná, ẹ bá mi ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀." Wọ́n á fa ọ̀rá, wọ́n á ti ọ̀rá sínú ìdí, wọ́n á gé ikùn, wọ́n á gbé ọmú sókè, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní oṣù Kìíní 2024, àjọ CDC ti Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde nípa Dominican Republic, ilẹ̀ tí Santo Domingo wà. Láàárín 2009 sí 2022, ọmọ Amẹ́ríkà 93 ló kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ẹwà níbẹ̀. Títí di 2018, bí i mẹ́rin ló ń kú lọ́dún. Láti 2019, ó fò sókè di 13. Nígbà tí wọ́n tú fáìlì àwọn tó kú ní 2019 àti 2020, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ wọn ló sanra púpọ̀, wọ́n sì ti ṣe oríṣi méjì, mẹ́ta pọ̀ lórí tábìlì kan. Ohun tó pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni ọ̀rá tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì tó lọ há sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bó bá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo ni ẹ máa rántí nínú ìwé yìí, kó jẹ́ pé iṣẹ́ kejì kì í ṣe ẹ̀bùn tí wọ́n fi kún ọjà. Wákàtí ni wọ́n fi kún un, wákàtí tí ẹsẹ̀ yín fi máa wà lójú kan tí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kò fi ní máa lọ bó ṣe yẹ.

Ẹ̀jẹ̀ dídì yàtọ̀ sí ọ̀rá ní ti pé ó ní sùúrù. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gé èèyàn, ara fúnra rẹ̀ máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, kí ọgbẹ́ lè pa ẹnu dé. Ẹ fi àìrìn kún un, ẹ fi ìjókòó wákàtí mẹ́rin láti Istanbul sí Lọ́ńdọ̀n kún un, tàbí méje sí Èkó, pẹ̀lú omi díẹ̀ nínú ara àti orúnkún tó kan àga iwájú. Ó lè dì sínú òpójẹ̀ ẹsẹ̀ láìsí ìrora tó fi bẹ́ẹ̀ le, kó sì já lọ sí ẹ̀dọ̀fóró ní ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí ẹ ti ń fi fọ́tò han ọ̀rẹ́. CDC ní kí ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ àyà tàbí ikùn dúró ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kó tó wọ ọkọ̀ òfúrufú, kí ẹni tó sì ṣe ojú, ìpéǹpéjú tàbí imú dúró ọjọ́ méje sí mẹ́wàá.

Ẹ wá gbé ìpolówó tó wà lórí Instagram yẹn jáde, kí ẹ ka iye òru tó wà nínú rẹ̀. Òru márùn-ún. Òru mẹ́fà, mọ́tò tó máa gbé yín láti pápákọ̀ òfúrufú wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ dé ni wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, ọjọ́ kejì ni wọ́n máa gé yín, ọjọ́ kẹfà ẹ ti wà ní pápákọ̀. Òǹkà tèmi rèé: ọjọ́ méjì ṣáájú, kí ẹ lè jókòó pẹ̀lú ẹni tó máa gé yín kí ẹ sì láyè láti sọ pé ẹ kò ṣe mọ́, ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá lẹ́yìn rẹ̀, nítòsí ọsibítù náà, àti tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lè sún síwájú. Ẹni tí owó rẹ̀ tó òru márùn-ún péré, owó iṣẹ́ abẹ náà kò tíì pé lọ́wọ́ rẹ̀. Kó ṣì máa dá èésú.

Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tàbí tó gbóná ju èkejì lọ, bí mímí bá ṣòro lójijì, bí àyà bá ń dunni nígbà tí ẹ bá mí sínú, bí ẹ̀jẹ̀ bá bá ikọ́ jáde, ẹ lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró de ìdáhùn lórí WhatsApp. Ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ bí ẹ bá ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró, nítorí òmíràn nínú rẹ̀ ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n máa gún yín ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.

Àkóràn tún ní ọgbọ́n tirẹ̀. Kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ Mycobacterium abscessus, ẹbí kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Inú omi àti erùpẹ̀ ló ń gbé. Bí wọ́n kò bá se irinṣẹ́ abẹ tó bó ṣe yẹ, tàbí tí omi tó kàn án kò mọ́, ó lè bá ọ̀pá wọlé. Ọgbẹ́ á jiná, ẹ ó ti padà síbi iṣẹ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan kókó pupa á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú àpá, á máa sun ọyún. Oògùn apakòkòrò tí à ń rà ní kẹ́míìsì kò ràn án. Oṣù púpọ̀ ni ìtọ́jú rẹ̀ ń gbà, oríṣi oògùn méjì, mẹ́ta pọ̀, nígbà míì wọ́n á tún gé ibẹ̀ kúrò. Àwọn tó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ẹwà ní Dominican Republic gbé e wọ Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 2004, ó sì tún ṣẹlẹ̀ ní 2013 sí 2014.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Matamoros lọ́dún 2023, ìlú Mẹ́síkò tó dojú kọ Texas, tún ju ìyẹn lọ. Kì í ṣe ọ̀bẹ ló fà á. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sí ẹ̀yìn láti mú kí ìdajì ara kú tipiri ni fọ́ńgọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Fusarium bá wọlé, ó sì dé awọ tó bo ọpọlọ. Àmì rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀fọ́rí tí kò lọ, irú èyí tí a ń lo parasitámọ́ọ̀lù sí. Èèyàn 12 ló kú ní Amẹ́ríkà. CDC ní láti máa wá gbogbo ẹni tó gba abẹ́rẹ́ náà láti oṣù Kìíní sí oṣù Karùn-ún, wọ́n sì ní kí wọ́n lọ yẹ ara wọn wò kódà bí ara wọn bá le. Àwọn wọ̀nyẹn ti lè yẹ oníṣẹ́ abẹ wọn wò tọkàntọkàn kí wọ́n tó lọ. Ta ló máa ń rántí béèrè ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́? Ẹ béèrè. Ẹni tó ń kun yín lóorun gbọ́dọ̀ jẹ́ dókítà tó kọ́ iṣẹ́ ìkunnilóorun, tó máa wà nínú yàrá náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí kò ní máa sáré láti tábìlì kan bọ́ sí èkejì.

Àwọn ọkùnrin wa tó ń lọ gbin irun sórí ní Istanbul náà gbọ́dọ̀ béèrè pé ọwọ́ ta ló máa ṣe é. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn níbẹ̀, dókítà á yọjú, á fa ìlà síwájú orí, á lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe dókítà ló máa ṣe ìyókù. Ewu rẹ̀ kò tó ti BBL. Ṣùgbọ́n orí tó bá bàjẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Yíyẹ ìwé wò kò gba àkókò. Ní Tọ́kì, ilé ìwòsàn tó bá fẹ́ gba aláìsàn láti òkèèrè gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ọ̀tọ̀ láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ètò ìlera ìjọba, alágbàtà tó ń kó èèyàn lọ síbẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀; ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín. Ẹ wá orúkọ oníṣẹ́ abẹ gangan, kì í ṣe orúkọ kílíníìkì, kí ẹ sì béèrè ohun tó kọ́, torí dókítà tó kọ́ iṣẹ́ etí àti imú lè máa ti ọ̀rá sínú ìdí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnikẹ́ni lè wá orúkọ dókítà nínú ìwé orúkọ GMC lọ́fẹ̀ẹ́. MDCN ló ń tọ́jú irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ béèrè bóyá ICU, yàrá ìtọ́jú ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu, wà nínú ilé náà tàbí ó di kí wọ́n gbé yín la ìlú kọjá. Bí wọ́n bá fi nǹkan sínú ọmú yín, ẹ gba káàdì tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lára rẹ̀. Nígbà tí àṣírí ilé iṣẹ́ PIP ti ilẹ̀ Faransé tú lọ́dún 2010, pé sílíkóònì tí kì í ṣe ti ìṣègùn ni wọ́n ń rọ sínú àpò ọmú, obìnrin tí kò ní káàdì kò mọ èyí tó wà láyà rẹ̀. Ní ti ẹni tó ní òun máa gún sílíkóònì sí yín nídìí nínú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì, òun kò sí nínú ọ̀rọ̀ tí à ń sọ. Ọ̀dọ́bìnrin kan ti wọkọ̀ láti Lọ́ńdọ̀n lọ sí Philadelphia fún irú rẹ̀ lọ́dún 2011, kò padà wálé láàyè, ẹni tó gún un sì jẹ́jọ́ ìpànìyàn lẹ́yìn náà.

Ara tiwa tún ní ohun tó yẹ kí ẹ fẹnu ara yín sọ, torí fọ́ọ̀mù tó wá láti òkèèrè lè má ní àyè fún un. Nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan ló gbé AS. AS kì í sábà dá iṣẹ́ abẹ dúró, àmọ́ kí ẹni tó ń kun yín lóorun mọ̀. SS àti SC ni ọ̀rọ̀ ti le, nítorí òtútù yàrá abẹ, àìmu omi àti àìtó ọ́síjìn lè gbé ìrora àti ewu dìde lórí tábìlì. N kò mọ ẹwà tó tó ìyẹn. Bí nǹkan oṣù yín bá ń ya púpọ̀ nítorí fáíbróọ̀dù, ẹ lọ yẹ PCV yín, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ yín, wò nílé oṣù kan ṣáájú, kí ẹ má gbé ẹ̀jẹ̀ tí kò tó lọ síbi tí wọ́n tún ti máa dà á nù. Ẹ fi ihò etí yín tàbí àpá abẹ́rẹ́ àjẹsára han oníṣẹ́ abẹ: bí àpá yẹn bá wú tó ń dán, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó máa wà níkùn ṣe lè rí, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní rí bẹ́ẹ̀. Àgbo náà ńkọ́? Ẹ sọ ọ́. A kì í mọ ohun tó wà nínú ìgò tí à ń rà lọ́wọ́ eléwé ọmọ, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ má tètè dá.

Ohun tó burú jù lọ lójú tèmi ni àṣírí. Ọ̀pọ̀ wa ló ń sọ fún ọkọ pé ìpàdé ibi iṣẹ́ ni, fún ìyá pé Dubai la fẹ́ lọ. Ẹ ṣe é ní àṣírí bó bá wù yín, ṣùgbọ́n kí ẹnì kan mọ̀, ẹni tó ní orúkọ ọsibítù, orúkọ oníṣẹ́ abẹ àti nọ́ńbà yàrá hòtẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́. Ó sàn kí ẹni náà bá yín lọ. Nígbà tí ara bá gbóná ní Èkó lọ́sẹ̀ kẹta, gbogbo ilé ló máa sọ pé ibà ni, wọ́n á lọ ra oògùn ibà, nítorí kò sí ẹni tó mọ̀ pé ọgbẹ́ wà lábẹ́ aṣọ. Ó lè jẹ́ ibà lóòótọ́. Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí ẹ sì fi ọgbẹ́ han dókítà lọ́jọ́ kan náà.

Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ti wá oníṣẹ́ abẹ kan nílé tó gbà láti máa wò yín tí ẹ bá dé. Èyí ṣòro ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ọ̀pọ̀ wọn kì í fẹ́ fọwọ́ kan iṣẹ́ tí ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀, n kò sì dá wọn lẹ́bi. NHS ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa gba ẹ̀mí yín là bó bá di pàjáwìrì, kò ní tún ìdí tó wọ́ ṣe. Ìnṣọ́ránsì ìrìnàjò lásán kì í sábà san owó iṣẹ́ abẹ tí èèyàn fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ẹ tọ́jú owó kan sọ́tọ̀ tí ẹ kò ní fọwọ́ kàn, kó lè san owó ọsibítù fún ọ̀sẹ̀ kan nílé.

Ẹ gba ìwé kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì: orúkọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, iye ọ̀rá tí wọ́n fà, oògùn tí wọ́n lò, irú abẹ́rẹ́ oorun tí wọ́n gún, àti ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú ara. Bí ọgbẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sun lọ́sẹ̀ kẹfà, ìwé yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fà lé dókítà lọ́wọ́, kí ẹ tó ṣí aṣọ. Ẹ sọ orúkọ ìlú tí wọ́n ti gé yín láìfi bò. Ẹ ní kí wọ́n sọ fún láàbù pé kí wọ́n wá kòkòrò ìdílé ikọ́ ẹ̀gbẹ nínú ọyún náà, nítorí àyẹ̀wò ọyún tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ lè má rí i, ó sì lè gbà tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó hù nínú àwo.